Iye Tó Yẹ Kí Wọ́n Dá Lé Ẹṣin Nínú Eré Ogun Orí Tábìlì

Nínú eré ogun orí tábìlì, níbi tí èèyàn méjì ti ń fi ère jagunjagun kéékèèké bára wọn jà, wọ́n máa ń dá iye àmì lé oríṣi ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjèèjì lè ná iye kan náà láti fi kó ogun jọ, kí ìjà náà sì dọ́gba. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé agbára ọmọ ogun kì í dúró sójú kan. Ogun Òṣogbo, tó wáyé ní nǹkan bí ọdún 1840, fi èyí hàn kedere, nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin, tí apá kò ká ní pápá gbalasa, dé ilẹ̀ igbó tí ẹṣin kò ti ráyè sáré, àwọn ará Ìbàdàn sì ṣẹ́gun wọn. Bí olùṣètò eré bá dá àmì 20 lé ẹlẹ́ṣin, tó dá 8 lé ẹlẹ́sẹ̀, 20 náà lè wọ́n jù nínú igbó, kó sì pọ̀ọ́kú ní pápá. Nítorí náà, ilẹ̀ ìjà ló yẹ kó kọ́kọ́ yàn.

Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ láti dá iye lé. Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí, èyí tí Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, rí gbà láti Èkó, máa ń dún léraléra kí ẹni tó mú ṣakabùlà tó ki tirẹ̀ tán. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga, àmọ́ òkè òkun ni ọta rẹ̀ ti ń wá, ó sì dára kí wọ́n ka ọta náà sí ìnáwó ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá iye lé wọn, kí àwọn méjèèjì tó ń ṣeré náà máa pààrọ̀ ẹgbẹ́ ogun lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹgbẹ́ kan náà bá ṣì ń borí, iye rẹ̀ kéré jù.