Òṣùwọ̀n Ojú Ọjọ́ Nínú Àgbàlá: Ìlò Rẹ̀ fún Ará Pápá Àjàó

Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Síbẹ̀, gbogbo ará Èkó ni ó mọ̀ pé òjò lè máa rọ̀ kíkankíkan ní Pápá Àjàó nígbà tí oòrùn ń ràn ní Yábàá. NiMet, ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń ṣe ìtọ́jú ọ̀ràn ojú ọjọ́, tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ní ibùdó ní Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Muṣin. Ṣùgbọ́n òjò tí ó bọ́ sínú òṣùwọ̀n Òṣòdì kò fi dandan jẹ́ iye èyí tí ó bọ́ sórí òrùlé ọjà Ládípọ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri àgbáyé fi ń gbé òṣùwọ̀n tiwọn kalẹ̀ sínú àgbàlá, tí wọ́n sì ń fi ohun tí ó bá kà hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní TAHMO ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ọgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ lè fi kọ́ ẹ̀kọ́.

Ohun tí Ẹ̀rọ Náà Ń Wọ̀n

Ẹ̀rọ náà ń wọn ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, bí afẹ́fẹ́ ti wúwo tó, eré ẹ̀fúùfù àti ìhà tí ó ti ń fẹ́ wá, àti òjò. Fún ará Èkó, òjò ni olórí gbogbo wọn. Nínú òṣùwọ̀n òjò ni abọ́ kékeré méjì wà tí a so pọ̀ lórí ọ̀pá kan. Bí ọ̀kan bá kún, yóò tẹ̀ sílẹ̀, yóò da omi rẹ̀ nù, èkejì yóò sì gba ipò rẹ̀. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ìtẹ̀sílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 0.2.

Mìlímítà 1 túmọ̀ sí lítà omi 1 lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 1 ní gígùn àti ní ìbú. Bí mìlímítà 10 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti ní ìbú, lítà 1,000 ni òrùlé kan ṣoṣo náà yóò dà sínú gọ́tà, èyí tí í ṣe nǹkan bí dúrọ́ọ̀mù 5. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ṣírò iye òrùlé tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀.

Ibi tí ó Yẹ kí a Gbé e Sí

Òṣùwọ̀n tí a kò gbé sí ibi tí ó yẹ, irọ́ ni yóò máa pa. Kí èyí tí ń wọn ooru wà lábẹ́ ìbòjì nínú àpótí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ní ìwọ̀n mítà kan ààbọ̀ sí ilẹ̀, kí ó sì jìnnà sí páànù gbígbóná àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Kí òṣùwọ̀n òjò jìnnà sí ilé tàbí igi ní ìlọ́po méjì gíga wọn: bí ilé bá ga ní mítà 6, kí òṣùwọ̀n jìnnà sí i ní mítà 12. Níbi tí ilé ti fún mọ́ra bí ti Pápá Àjàó, pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó dára jù.

Bí Ìròyìn Ti Ń Dé Ọ̀dọ̀ Aládùúgbò

Ẹ̀rọ tí ó wà níta ń fi rédíò, láìsí wáyà, ránṣẹ́ sí àpótí kan nínú ilé. Àpótí yìí ń fà á lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà a sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ti ń yí bí ọwọ́ aago lójú ẹni tí ń wò ó lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, abẹ́rẹ́ náà lè dúró síbi tí ó wà, ẹni tí ń wò ó yóò sì rò pé òjò kò pọ̀, nígbà tí àgbàrá ti dé ẹnu ọ̀nà. Dandan ni kí ọjọ́ àti aago tí ìròyìn dé kẹ́yìn wà níbẹ̀ gbàgàdà, kí bátìrì sì wà nílẹ̀ de àìsí iná.

Ìwé Àkọsílẹ̀ Ni Èrè Rẹ̀

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, omi ya wọ ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Abẹ́rẹ́ tí ń yí nìkan kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mìlímítà báyìí rọ̀ láàárín wákàtí kan, tí gọ́tà òpópó báyìí sì kún àkúnya, ni òṣùwọ̀n tó di ohun ìkìlọ̀. Lẹ́yìn èyí, bí abẹ́rẹ́ bá ń súnmọ́ iye náà, oníṣọ́ọ̀bù yóò gbé ọjà rẹ̀ sókè, ìyá yóò sì tètè kó ọmọ kúrò ní ìsàlẹ̀ ilé. Àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú yóò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá tọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ nítorí gọ́tà. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí rọ́pò ìkìlọ̀ NiMet.

Ẹni tí kò ní owó ẹ̀rọ lè fi agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba àti rúlà bẹ̀rẹ̀. Kí ó gbé e sí gbangba, kí ó wọn omi inú rẹ̀ ní wákàtí kan náà láràárọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì dà á nù. Oṣù Kẹfà ni òjò Èkó ń pọ̀ jù. Kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.