Owó iná ọ́fíìsì ń pọ̀ sí i: Ohun tó yẹ kí iléeṣẹ́ yẹ̀wò kó tó náwó lórí sólà

Ní oṣù Kejì, ọdún 2024, AEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná nílùú Abuja àti agbègbè rẹ̀, kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun máa já iná àwọn tó jẹ òun ní gbèsè bí wọn kò bá san owó wọn láàrin ọjọ́ mẹ́wàá.

Àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ kì í ṣe ontajà kéékèèké. Iléeṣẹ́ àti àjọ ìjọba tó lé ní ọgọ́rin ni, gbèsè ọrùn wọn sì lé ní bílíọ̀nù 47 náírà. Ilé Ààrẹ, Aso Rock, wà lára wọn.

AEDC ní mílíọ̀nù 923 náírà ni Ilé Ààrẹ jẹ òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìhà méjèèjì jọ jókòó yẹ ìwé wò, gbèsè náà di nǹkan bíi mílíọ̀nù 342. Ààrẹ Bola Tinubu sì pàṣẹ pé kí wọ́n san án.

Àlàfo tó wà láàrin iye méjèèjì lé ní mílíọ̀nù 580 náírà. Ohun tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá iléeṣẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n nìyẹn: ẹni tí kò mọ iye iná tí ilé rẹ̀ ń jẹ, kò lè mọ ibi tó ti máa dín in kù.

Kí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i?

Oṣù méjì lẹ́yìn ìkéde yẹn, ní oṣù Kẹrin, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NERC, fi owó kún iná àwọn oníbàárà tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí ogún lójúmọ́.

Yúnìtì kan tí kò tó 70 náírà tẹ́lẹ̀ fò sókè sí 225 náírà. Nígbà tó di oṣù Keje, ó wà ní nǹkan bíi 209 náírà.

Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Jẹnẹrétọ̀ 100kVA tó ń gbé ẹrù tó pọ̀ lè mu tó nǹkan bíi lítà dísẹ̀lì ogún ní wákàtí kan. Bí lítà kan bá kọjá 1,000 náírà, ó ti lé ní 20,000 náírà fún wákàtí kan ṣoṣo, láì tíì ka owó ọ́ìlì àti ti mẹkáníìkì mọ́ ọn.

Níbo ni owó náà ń gbà lọ?

Nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí AC, ló ń jẹ iná jù. Ó wọ́pọ̀ kí òṣìṣẹ́ dé láàárọ̀, kó fi AC sí ìwọ̀n 16, kí òtútù wá mú un débi pé yóò wọ súwẹ́tà tàbí kó ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè India, ìjọba pàṣẹ pé láti oṣù Kìíní, ọdún 2020, gbogbo AC inú yàrá tí wọ́n bá ṣe gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n 24. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ ní bí èèyàn bá fi ìwọ̀n kan kún un, iná tí AC ń jẹ máa fi nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò sí ẹni tó ná kọ́bọ̀ lórí ìyẹn, rìmóòtù ni wọ́n kàn tẹ̀.

AC tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ ló tún burú. Ká ní AC 1.5HP kan ń jẹ nǹkan bíi yúnìtì kan ní wákàtí kan. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí mẹ́wàá irú rẹ̀ bá wà ní títàn mọ́jú, owó tó lé ní 31,000 náírà ti wọlé sápò ẹlòmíì kí ẹnikẹ́ni tó dé ibi iṣẹ́.

Iná títàn náà ńkọ́? Ọ̀pá iná aláwọ̀ funfun àtijọ́ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 40. Ti LED tó gùn bákan náà kì í ju nǹkan bíi wáàtì 18 lọ. Ọ́fíìsì tó ní ọgọ́rùn-ún ọ̀pá iná, tó ń tàn án fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, máa ṣẹ́ yúnìtì 22 kù lójoojúmọ́ bó bá pààrọ̀ wọn. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, ó lé ní 100,000 náírà.

Omi náà ń gba owó lọ. Ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, máa da omi tó lé ní 10,000 lítà nù láàrin ọdún kan. Níbi tó sì jẹ́ pé kànga dẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi, bí táǹkì bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pa pọ́ǹpù, omi àti iná ló jọ ṣòfò.

Ilé fúnra rẹ̀ lè máa jẹ iná

Àwọn ilé onígíláàsì tó kún Lagos àti Abuja rẹwà lójú, ṣùgbọ́n bí gíláàsì náà bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn láìsí ohun tó ṣíji bò ó, iná ni wọ́n máa fi bá ooru jà ní gbogbo ọ̀sán.

Àwọn tó kọ́lé ṣáájú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní ọgbà Fásitì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba ìkejì jáde ni wọ́n kọ́, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ògiri oníhò tó ń dènà oòrùn.

Nílùú Harare lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, ayàwòrán ilé Mick Pearce wo òkìtì ikán kó tó ya Eastgate Centre, ilé ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù tó ṣí ní ọdún 1996. Ní alẹ́, fáànù máa fa atẹ́gùn tútù wọ inú ilé náà, kọ́ńkéré rẹ̀ á sì tutù. Lọ́sàn-án, kọ́ńkéré yẹn ló máa gba ooru sára, tí atẹ́gùn gbígbóná á gba ihò gogoro orí òrùlé jáde.

Lóòótọ́, òru Lagos kì í tutù bíi ti Harare, torí náà kò ṣeé dà kọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń dènà oòrùn lójú fèrèsé, òrùlé tí wọ́n kùn ní funfun àti igi tí wọ́n gbìn sí ìhà ìwọ̀ oòrùn wúlò níbi gbogbo.

Láti ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà lórí bí ilé ṣe lè máa fọgbọ́n lo iná, tó sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé, òrùlé, iná títàn àti AC. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ilé kíkọ́ wà. Bí ìpínlẹ̀ kò bá sọ ọ́ di tirẹ̀, inú ìwé ló máa wà.

Ta ló ni iṣẹ́ náà?

Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n ń wá ẹni tó máa tún un ṣe. Àsẹ́ AC tó kún fún eruku ń mú kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tún wà níbẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń wọ inú ilé lè pa èèyàn láì rùn sí i nímú. Wáyà tó ti gbó àti àtẹ̀gùn pàjáwìrì tí wọ́n sọ di ibi ìkẹ́rùsí lè sọ iná kékeré di ńlá. Iná jó Ilé Kòkó tó wà ní Dugbẹ, Ìbàdàn, ní ọdún 1985. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú ilé, tó ní ìwé tó ń kọ ọjọ́ tí wọ́n fọ AC, iye dísẹ̀lì tó wọlé àti wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ fi ṣiṣẹ́. Bí dísẹ̀lì bá ń tán kíákíá ju bí wákàtí náà ṣe rí lọ, ìwé yẹn ló máa tú àṣírí.

Ṣé kí iléeṣẹ́ má ra sólà ni?

Rárá o. Ilé Ààrẹ pàápàá ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún sólà nínú ètò ìṣúná ọdún 2025. Ṣùgbọ́n iye iná tí ilé ń jẹ ló ń pinnu iye pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tí wọ́n máa rà. Ilé tó bá kọ́kọ́ dí ihò tí iná ń gbà ṣòfò, sólà kékeré máa tó o. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kàn fi ajere pọn omi ni.

Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà bẹ̀rẹ̀ kò gba owó. Kí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ka mítà ní ìrọ̀lẹ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì tún kà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí òṣìṣẹ́ tó dé.

Yúnìtì tó bá lọ láàrin ìgbà méjèèjì, nígbà tí kò sẹ́nikẹ́ni nínú ilé, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.