Páìpù tó ti gbó lábẹ́ ilẹ̀: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Treichville, Adjamé àti káàkiri Abidjan, tí omi ẹ̀rọ bá lọ tó sì padà dé, ẹ má sáré bu ti àkọ́kọ́ fún ọmọ mu.

Nígbà tí omi bá ń ṣàn geere, agbára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé. Tó bá dáwọ́ dúró, páìpù tó ti là lè fa omi ẹ̀gbin tó wà láyìíká rẹ̀ wọnú. Ìgbẹ́ gbuuru lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n lè tún irú páìpù bẹ́ẹ̀ ṣe láì wú gbogbo títì. Eric Wood ló kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí ní London lọ́dún 1971, fún páìpù omi ẹ̀gbin. Wọ́n á rẹ aṣọ tó rí bí ìbọ̀sẹ̀ gígùn sínú oje kẹ́míkà, wọ́n á tì í wọnú páìpù, wọ́n á wá fi omi gbígbóná mú un le. Páìpù tuntun ti wà nínú ti àtijọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òórùn kẹ́míkà náà lè gba ihò balùwẹ̀ wọlé. Tí wọ́n bá ń ṣe é ládùúgbò yín, ẹ da omi sínú ihò náà, ẹ ṣí fèrèsé. Tí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí ojú ń ta yín, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kẹ́ ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́ náà.

Ní ti omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kó ṣàn títí táá fi mọ́, kẹ́ ẹ sè é kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó fi po mílíìkì ọmọ. Tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má dá ọmú dúró. Tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ló yá.