Ṣakí, SAKI, SHAKI: Ọ̀rọ̀ Lẹ́tà Ńlá àti Lẹ́tà Kékeré Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní ìsinmi tó kọjá, mo tẹ̀lé màmá mi lọ sí ọ́fíìsì kan ní Ṣakí. SHAKI ni ìwé wọn àtijọ́ kọ sí ibi tí wọ́n ti bí wọn. SAKI ni káàdì tuntun kọ. Ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní méjèèjì ò bára mu, kí a lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù. Màmá ní, “Ṣé Ṣakí ti di méjì ni?” Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Èmi mọ̀ pé ìlú kan ni, ẹ̀rọ ni ò mọ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìlú, kò tilẹ̀ mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Nínú ASCII, 65 ni A, 97 ni a. Nítorí náà, Saki, SAKI àti saki, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú ẹ̀rọ, àfi tí ẹni tó kọ ètò rẹ̀ bá ní kó kà wọ́n sí ọ̀kan.

Ibo wá ni lẹ́tà ńlá inú fọ́ọ̀mù ti wá? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń ka káàdì oníhò ò ní ju ààyè 64 lọ fún gbogbo àmì. Lẹ́tà ńlá 26, lẹ́tà kékeré 26, nọ́ńbà 10: 62 nìyẹn. Méjì péré ló máa kù fún kọ́mà, àmì ìdánudúró, àmì ìròpọ̀ àti gbogbo ìyókù. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n yọ. ASCII gan-an, nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1963, kò ní lẹ́tà kékeré. 1967 ni wọ́n tó fi kún un. IBM System/360 tó jáde ní 1964 ní ààyè 256, àmọ́ àṣà ti mọ́ra.

Títí dòní, lórí mainframe, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ràbàtà tí báǹkì ńláńlá lágbàáyé ṣì ń lò, JCL ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́, lẹ́tà ńlá sì ni àṣẹ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ISPF, níbi tí wọ́n ti ń tún un kọ, fi ní CAPS ON: ẹ fi lẹ́tà kékeré tẹ ọ̀rọ̀, ẹ tẹ Enter, ó di ńlá. CAPS OFF ò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ lè ní kí CAPS ON kúkú wà níbẹ̀ títí ayé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tí ìlà kan bá ní ojú ọ̀nà fáìlì Unix nínú, bíi PATH='/u/saki/iwe', lẹ́tà kékeré yẹn gbọ́dọ̀ dúró bẹ́ẹ̀, torí pé lọ́dọ̀ Unix, iwe kì í ṣe IWE. Kì í sì í ṣe ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ nìkan ni CAPS ON ń yí padà, gbogbo ìlà tí ẹ bá fọwọ́ kàn ni. Ẹ kàn fẹ́ tún nọ́ńbà kan ṣe, ojú ọ̀nà ti di /U/SAKI/IWE, ẹ̀rọ á ní òun ò rí fáìlì.

Orúkọ iṣẹ́ nínú JCL ò gbọdọ̀ ju àmì 8 lọ, kò sì gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Tí ọmọ Yorùbá bá wá pe tirẹ̀ ní ISE, ṣé iṣẹ́ ni àbí ìṣẹ́? (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èkejì.)

Tiwa tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ASCII, 32 ló wà láàárín A àti a. Nínú Unicode, 7864 ni Ẹ, 7865 ni ẹ: ẹyọ kan péré. Ètò tó bá jẹ́ pé a dé z nìkan ló mọ̀, tó kàn ń yọ 32, yóò sọ Ìsẹ́yìn di ÌSẹ́YìN. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ò tilẹ̀ dé ibẹ̀, wọn á ti já gbogbo àmì dànù. Níbẹ̀ ni ìlú màmá mi ti di méjì: ẹni tó kọ SHAKI fi H gba ìró náà là, ẹni tó kọ SAKI sọ ọ́ nù. Ṣ kan náà ni àwọn méjèèjì ò rí tẹ̀.

Mo tẹ Ìsẹ́yìn sínú Python, mo ní kó sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. ÌSẸ́YÌN ló gbé jáde, gbogbo àmì pé. Ẹ̀rọ òde òní mọ̀ ọ́n ṣe o. Fọ́ọ̀mù tó bá kọ Ṣ sílẹ̀, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé A dé Z nìkan ni kó gbà.

Ìwé ìbúra màmá mi ti jáde báyìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé SHAKI àti SAKI, ìlú kan náà ni.