Ooru àti Ìtànṣán Lórí Jẹjẹrẹ Orí àti Ọrùn

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹnu, ahọ́n àti ọ̀fun rí.

Ọ̀nà kan tí àwọn oníṣègùn ń gbà bá a jà ni pé wọ́n a ki ọ̀pá tín-ínrín oníhò bọ inú kókó náà, wọ́n a sì ti iridium-192 gba inú ihò yìí. Ìtànṣán rẹ̀ kì í rìn jìnnà; kókó ni ó ń bá jà jù. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ kò tó a máa ṣe agídí sí ìtànṣán. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn Erlangen, ní Jámánì, ṣe fi ooru kún un fún jẹjẹrẹ tí ó padà wá. Ooru ìwọ̀n 41 sí 43 Celsius, fún nǹkan bí wákàtí kan, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí kì í ṣe omi gbígbóná tí a fi ń jó ara nílé o.

Ẹrù lè dúró díẹ̀ ní èbúté Lekki tí a ṣí ní 2023; iridium kò lè dúró, nítorí agbára rẹ̀ a dín sí ìdajì láàárín ọjọ́ 74. Jẹjẹrẹ pẹ̀lú kì í dúró. Ará Lekki tàbí Ajah tí egbò ẹnu rẹ̀ kò jinná, tàbí tí ohùn rẹ̀ há fún ọ̀sẹ̀ 3, kí ó tètè tọ dókítà lọ. Láti 2019 ni ilé ìtọ́jú NSIA-LUTH ti wà ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sọ ọ́ nílé.