Kí Eyín Tó Yọ: Iṣẹ́ Tí Sẹ́ẹ̀lì Ń Rán Síra Wọn

Oyún kì í ju bí ọ̀sẹ̀ 6 lọ tí eyín ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀rìgì a nípọn, a sì rì wọ inú ẹran abẹ́ rẹ̀. Awọ àti ẹran yìí ń fi èròjà ìdàgbàsókè ránṣẹ́ síra wọn: BMP4, FGF8, SHH àtàwọn mìíràn. Awọ ló kọ́kọ́ ń pàṣẹ, kí àṣẹ tó bọ́ sọ́wọ́ ẹran. Ní 1993, Irma Thesleff àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Helsinki rẹ ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní sínú BMP4, wọ́n gbé e lé ẹran eyín ọlẹ̀ eku. Kò sí awọ níbẹ̀, síbẹ̀ apilẹ̀ àbùdá Msx1 inú ẹran náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni FGF4 ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀, tí orí eyín ẹ̀yìn fi ń rí gbágungbàgun. Èròjà TGF-β wà lára ohun tó ń sọ sẹ́ẹ̀lì ẹran di èyí tó ń kọ́ inú eyín. Àwọn tó ń kọ́ ìbòrí líle ìta a máa kú kí eyín tó yọ tán; ìdí nìyí tí ìbòrí tó bá ti jẹrà kì í fi í padà hù. Ṣùgbọ́n àwọn ti inú wà láàyè. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé TGF-β wà ní ìpamọ́ nínú eyín fúnra rẹ̀: bí kòkòrò bá ń jẹ eyín, èròjà náà tú sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì inú á jí, á sì mọ odi tuntun.

Nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì ìdílé awọ eyín kọ̀ láti ṣíwọ́ pípín. Kókó àgbọ̀n tó ń ti ibẹ̀ wá ni ameloblastoma. Akinosi àti Williams kọ nípa rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1969, àwọn dókítà eyín wa sì ń rí i gan-an títí dòní. Ní 2014 ni àwọn olùṣèwádìí rí i pé apilẹ̀ BRAF ló sábà ń yí padà nínú rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, FGFR2 ni, ìyẹn ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba iṣẹ́ FGF. Àṣẹ "ẹ máa pín" kò wá dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté omi jíjìn Lẹ́kkí, àti ẹ̀yin ará Àjàh, ẹ má fojú kékeré wo àgbọ̀n tó ń wú díẹ̀díẹ̀ láìdunni, tàbí eyín tó ń mì láìnídìí. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fọ́dún mélòó kan kó tó ni èèyàn lára. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, irú èyí tó wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, kí wọ́n ya fọ́tò eegun. Bí kókó bá ṣe kéré tó ni eegun àgbọ̀n tí wọ́n máa gé kúrò ṣe máa kéré tó.