Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀: Ẹ̀rí Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Àwọn Baba Ńlá Wa

Ìfáárà
Bí a bá ń kọ́ni nípa ọ̀làjú ayé àtijọ́, a kì í gbàgbé àwọn Maya ilẹ̀ Guatemala àti Mẹ́síkò, tí wọ́n ní ọnà ìkọ̀wé àti ìṣírò ọjọ́ tiwọn. Ohun kan pa àwọn àti àwa Yorùbá pọ̀: àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù kan kò gbà pé ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá wọn ti wá. Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn tí wọ́n ní òkun gbé mì, ni wọ́n gbé ògo náà fún. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ ni a ó fi ṣàlàyé bí èrò yẹn ṣe kùnà.

Èrò Frobenius
Ní ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ lára. Ó rí ère orí tí a fi idẹ rọ, ẹwà rẹ̀ sì yà á lẹ́nu. Síbẹ̀, Atlantis ni ó ní ọ̀làjú náà ti ṣẹ̀ wá.

Ohun tí ilẹ̀ fi hàn
Láàárín ọdún 2010 sí 2012, awalẹ̀pìtàn ọmọ Yorùbá, Abidemi Babalola, tún wa ilẹ̀ Igbó Olókun. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000; àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì sì lé ní 800. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ níbẹ̀ láàárín sẹ́ńtúrì kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àyẹ̀wò fi hàn pé láìmù àti àlùmínà inú gíláàsì náà kò bá ti Yúróòpù tàbí ti àwọn Lárúbáwá mu. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ará Ifẹ̀ kò kàn yọ́ gíláàsì àjèjì. Àwọn gan-an ni wọ́n po èròjà rẹ̀. Wọ́n yọ́ ọ nínú ìkòkò amọ̀ tí ó lè fara da iná, wọ́n fà á gùn bí ọ̀pá oníhò, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì tún fi iná dán etí rẹ̀. A ti rí irú gíláàsì yìí títí dé Gao ní ilẹ̀ Málì.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́
Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ ti so igbó náà mọ́ Olókun, ọlọ́rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀, tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó pè é ní àlọ́ lásán ni ó ṣìnà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ àsọdùn: kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ni a ṣe ní Ifẹ̀, òwò ni ó gbé òmíràn wá. Nítorí náà, ní Ìrẹ̀lẹ̀ níhìn-ín, níbi tí a ti ń ṣọdún Málòkun, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó tọ́ sí, àti ibi tí ó ti wá. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n sì wá ẹ̀rí rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ọmọ tí a kò kọ́ ní èyí yóò gbà pé àlejò ni ó kó ìmọ̀ dé. Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Ṣùgbọ́n a kò lè náání ohun tí a kò mọ̀ pé a ní.